Ọmọ 74, bọ́ọ̀dù kan, kò síná: báwo lẹ̀yin ṣe ń kọ́ tiyín?

TíṣàẸ̀pẹ́ | ọjọ́ Àìkú, 8:12 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Ọdún kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Abúlé kan létí ọ̀sà nilé ìwé wa wà, ẹ ó ti kọjá Ẹ̀pẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Praimárì kẹrin ni mo ń kọ́. Ọmọ 74 ló wà nínú rẹ́jísítà mi. Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n lè má pé àádọ́ta, torí àwọn kan ti bá ìyá wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ìwé ìṣirò 19 la ní, méjì nínú ẹ̀ ò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́. Bọ́ọ̀dù wa ti funfun ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Iná ńkọ́? Wáyà wà lára ògiri, à ń wò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń yẹ ilé ìwé wò wá. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Nígbà tó ṣe tán, ó ní mi ò lo ohun èlò ìkọ́ni, kí n máa fi fídíò han àwọn ọmọ. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Àmọ́ ti fídíò kọ́ ló ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ wọn ní àyọkúrò. Tí mo bá ní, “Ṣé ó yé yín?”, gbogbo wọn á hó lẹ́ẹ̀kan náà: “Ó yé wa, mà!” Mo wá fún wọn ní tẹ́ẹ̀sì, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù máàkì ẹ̀ títí di aago mọ́kànlá òru. Ẹkún ló kù tí mi ò sun. Bó bá ṣe pé ìgbà tí mo bá máàkì nìkan ni mo fi máa ń mọ̀ pé kò yé wọn, kí ni mo ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Ẹ gbà mí.

Ọmọ_Sábó | 8:31 alẹ́

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Nílé ìwé aládàáni tí mo wà n'Íkòròdú, pírójẹ́kítọ̀ kékeré kan tó ń lo sólà la fi ń kọ́ wọn. Ẹ dá owó jọ láàárín ẹ̀yin tíṣà.

Ajàgbé | 8:40 alẹ́

Owó oṣù ta ni ẹ fẹ́ kí wọ́n fi dá a? Tíṣà ló ń ra ṣọ́ọ̀kì, tíṣà ló ń ra báírò pupa, tíṣà náà ló tún máa ra sólà. Èmi ò sí níbi ká máa fi ọgbọ́n orí bo àìní mọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń fi èédú àti páálí ṣe é láṣeyọrí, bẹ́ẹ̀ làwọn tó yẹ kó pèsè nǹkan á máa sọ pé “Ẹ ò rí i, wọ́n ṣáà ń ṣe é.”

Bàbá_HM | 9:26 alẹ́

TíṣàẸ̀pẹ́, ọmọ mi, o kú ìdúró. Ọdún 35 ni mo fi dúró níwájú bọ́ọ̀dù kí n tó fẹ̀yìn tì, púpọ̀ nínú ẹ̀ ní agbègbè Ìkòròdú níbí. Ajàgbé ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀la ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ ń bọ̀, ohun tí Ajàgbé ń bèèrè ò sì ní tíì dé lọ́la.

Ìwọ fúnra ẹ lo ti fọwọ́ ba ojú ibi tó ń dùn ọ́. Tí wọ́n bá gbé fídíò fún ẹ, àwọn ọmọ á wò ó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún ní “Ó yé wa, mà.” Ọmọ Yorùbá wo ló máa wojú tíṣà kó sọ pé kò yé òun? Àfojúdi ni lójú tiẹ̀. Ariwo ọmọ 74 tó ò ń gbọ́ yẹn, bóyá lọmọ mẹ́wàá ló ń pa á. Àwọn tó kù ń ya ẹnu ni.

Ǹjẹ́ o ti yà wo ilé kéú rí? Ẹ̀pẹ́ lo wà, kò lè wọ́n ẹ. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà yẹn, sá wá síbẹ̀ lẹ́yìn ogun Èkó ti ọdún 1851, ẹ̀kọ́ kéú ò sì kúrò níbẹ̀ dòní. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní wàláà tiẹ̀, ó ń fi tàdáwà kọ tiẹ̀ sórí pákó, Ààfáà sì ń rí ohun tí ọwọ́ ẹ̀ kọ. Kò sí bí ọmọ ṣe máa fara pamọ́ sẹ́yìn ohùn ẹlòmíì.

Èmi rí i, mo sì jí i lò. Ra pílíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ní kí káfíńtà gé e ní ínǹṣì 12 sí 8. Ẹyọ 48 ló máa jáde, ayùn á ṣáà jẹ díẹ̀ lára wọn. (Iye ọmọ ayò nìyẹn o: ihò 12, mẹ́rin mẹ́rin. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀, má wá ohun èlò lọ síbì kan.) Fi yànrìn pépà ha ojú ẹ̀, kùn ún ní dúdú. Ọmọ méjì á jókòó ti pákó kan, tìẹ á gba 37, mọ́kànlá á wà nípamọ́ fún èyí tó bá fọ́.

Ọ̀nà tí wàá gbà lò ó ló ṣe pàtàkì. Bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí àwọn méjì sọ ọ́ láàárín ara wọn, kí ọ̀kan kọ ọ́, kí wọ́n sì dojú pákó dé orí tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e sókè títí wàá fi ní “Ó yá!” Tó o bá jẹ́ kí ẹni tó yára gbé tiẹ̀ sókè, gbogbo ìlà yẹn á dà á kọ. Tí ìbéèrè bá yí, ṣọ́ọ̀kì yí ọwọ́, torí nínú ọmọ méjì, ọ̀kan á máa fẹ́ ṣe ọ̀gá.

Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Kà wọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn. Má sọ pé “Ó tì” fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá_Ẹlẹ́ja | 9:58 alẹ́

Bàbá, mo kí yín o. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo ní nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ yín dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìkan. Ẹ má lọ gba wàláà ọmọ kéú fi kọ ìṣirò o. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ gan-an, hàntú ni, a kì í dà á sílẹ̀ bó ṣe wù wá. Àwọn òbí kan á bínú.

Bàbá_HM | 10:04 alẹ́

O káre, Ìyá Ẹlẹ́ja. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gé pílíwúùdù nìyẹn. Kí wọ́n má tiẹ̀ pè é ní wàláà. Àwa pè é ní síléètì.

Ìyá_Ẹlẹ́ja | 10:07 alẹ́

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tíṣà, ẹ má ra ọ̀dindi pílíwúùdù. Ẹ lọ bá àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Pákó tí wọ́n gé kù máa ń wà nílẹ̀, iná ni wọ́n ń fi dá.

Tíṣà_Àgbádárìgì | ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Mo ń ka èyí kí n tó bọ́ sọ́nà. Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì kékeré.

Ti àwọ̀ dúdú: ẹ gún èédú kúnná, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ pò ó mọ́ lẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ fi sítáàṣì gbágùúdá sè. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ dáadáa láàárín. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lè sọ bọ́ọ̀dù funfun yẹn dọ̀tun. Ẹ má fi omi nù ún o, yóò ṣí. Àkísà gbígbẹ ni. Tówó bá wà, ọ̀dà dúdú tí kì í dán ló ń pẹ́.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, kẹ́ ẹ lo dúdú inú ẹ̀. Wọ́n ṣe é fún wa nígbà tá a wà ní kékeré, àwa ọmọ la tún ń fọwọ́ pò ó. Ẹ má ṣe é. Máńgáníìsì wà nínú ẹ̀, eruku ẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ á sì tún fi ọwọ́ yẹn jẹun.

Ní tèmi, ohun èlò tó pọ̀ jù lọ wà níta kíláàsì. Ní Àgbádárìgì, òkun ò jìnnà, ọ̀sà náà wà nítòsí. Mo ní kí àwọn ọmọ bu agolo mílíìkì kan omi òkun wá, àti agolo kan omi ọ̀sà. A gbé méjèèjì ka orí àdògán títí omi fi gbẹ. Lítà kan omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú, nítorí náà iyọ̀ bo ìdí agolo àkọ́kọ́. Ti ọ̀sà, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan. Ọmọ kan tí bàbá ẹ̀ jẹ́ apẹja ní, “Sà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?” Mi ò dá a lóhùn, mo ní kó bu omi ọ̀sà wá lóṣù Kejì ká tún gbé e kaná. Ìbéèrè yẹn ju gbogbo ohun tí mo kọ sínú nóòtù mi lọ.

Ìṣòro tèmi, èdè ni. Ọmọ Ègùn lèyí tó pọ̀ nínú wọn, èmi ò gbọ́ Ègùn ju kíkí lọ. Ẹni tó gbọ́ méjèèjì ni mo máa ń fi ti ẹni tí kò gbọ́. Òun á sọ ọ́ fún un ní Ègùn, àwọn méjèèjì á jọ kọ ìdáhùn. Lílo ọmọ kọ́ ọmọ, ṣé ẹ mọ̀.

Ọmọ_Sábó | 1:15 ọ̀sán

Ìyẹn dáa gan-an! Ká kúkú yan ọmọ mẹ́fà tó mọ̀wé jù, kí wọ́n máa kọ́ àwọn tó kù, kí tíṣà máa bójú tó wọn.

Bàbá_HM | 4:50 ìrọ̀lẹ́

Rọra. Wọ́n ti ṣe é rí. Joseph Lancaster bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1798: àwọn ọmọ àgbà ń kọ́ àwọn kékeré, tíṣà kan ń bójú tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kò wọ́n, ìyẹn ló fi tàn ká. Ṣùgbọ́n àkọ́sórí ló kún inú ẹ̀, torí ohun tí ọmọ lè kọ́ ọmọ nìyẹn. Ọmọ lè ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò lè mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ṣì í. Iṣẹ́ tìẹ nìyẹn. Tíṣà Àgbádárìgì fi èdè so wọ́n pọ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Àwọn kan ní Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Pratham ṣe èyí tó wù mí jù. Wọ́n á pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kàwé fún wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀: ṣé lẹ́tà ló mọ̀, àbí ọ̀rọ̀, àbí ìpínrọ̀, àbí odindi ìtàn? Ibi tó bá dúró sí ni wọ́n ti máa kọ́ ọ, bó ti wù kó dàgbà tó. Páálí kan báyìí ni gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀.

TíṣàẸ̀pẹ́ | ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ Ẹtì, 7:40 alẹ́

Mo ti dé o! Síléètì ti wà. Káfíńtà ọkọ̀ kan gé 40 fún wa nínú pákó tó ṣẹ́kù, wọn ò dọ́gba, ẹlòmíì rí bí ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Àwọn ọmọ gún èédú. Aṣọ wọn ò dáa lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Mo kọ 52 − 27 sórí bọ́ọ̀dù. Wọ́n dojú pákó dé. Mo ní “Ó yá!” Pákó 37 gòkè. Mẹ́sàn-án kọ 25. Mẹ́fà kọ oríṣiríṣi. Ẹ wá wò ó, pákó 22 ló kọ nọ́ńbà kan náà: 35.

Mo dúró. Wọn ò jí ara wọn wò, ẹni iwájú kọ 35, ẹni ẹ̀yìn pátápátá náà kọ 35. Mo pe ọmọbìnrin kan, mo ní kó sọ bó ṣe ṣe é. Ó ní, “Mà, méjì nínú méje, ó ku márùn-ún. Méjì nínú márùn-ún, ó ku mẹ́ta.” Kékeré ló ń yọ nínú ńlá, níbikíbi tó bá wà! Àwọn ọmọ mi ò ya ọ̀lẹ, wọn ò sì ya dọ̀bọ̀. Òfin kan ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òfin ọ̀hún ló wọ́. Èmi ni mo sì kọ́ wọn, torí nígbà tí a ń ṣe àwọn kékeré, mo máa ń sọ pé “ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà pẹ̀lú ẹ̀, mi ò mọ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi rí i.

Báwo ni mo ṣe máa tú u ká báyìí?

Bàbá_HM | 8:15 alẹ́

Igi ìgbálẹ̀. Di mẹ́wàá mẹ́wàá pẹ̀lú rọ́bà. Ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì nìyẹn. Ní kí wọ́n mú 27 kúrò. Wọ́n á mú ìdì méjì, wọ́n á wá ẹyọ méje, wọn ò ní rí i. Má sọ̀rọ̀. Ẹnìkan á tú ìdì kan.

Ìyá_Ẹlẹ́ja | 8:33 alẹ́

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má bínú, mi ò kàwé jìnnà. Ṣùgbọ́n kí lẹ tún ń yọ sí? Tí kọsítọ́mà bá ra ẹja ₦2,700, tó ko ₦5,200 lé mi lọ́wọ́, èmi ò yọ nǹkan kan. Mo máa ń kà á lé e lọ́wọ́ ni: “Ẹja 2,700. Ọ̀ọ́dúnrún rèé, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún méjì rèé, ó di márùn-ún. Igba yín rèé.” Ó ti tán nìyẹn, ₦2,500 ni ṣéńjì ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní kíláàsì yín yẹn ń ṣe é lọ́jà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kì í ṣì í.

TíṣàẸ̀pẹ́ | 8:41 alẹ́

Mọ́mì!!! Ọmọ yín wà lára àwọn tó kọ 35.

Ìyá_Ẹlẹ́ja | 8:42 alẹ́

Háà. Mo ti bá a sọ ọ́ báyìí. Ó ní “Ṣebí ti ilé ìwé nìyẹn.”

TíṣàẸ̀pẹ́ | 9:20 alẹ́

Mi ò tíì lè gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ fetí sí orúkọ nọ́ńbà yẹn: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀ta ló dín kó tó pé ọgbọ̀n. Nọ́ńbà fúnra ẹ̀ ti sọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀! Méjìléláàádọ́ta: èjì lé lórí àádọ́ta. Ẹ̀ta gbé wa dé ọgbọ̀n, ogún gbé wa dé àádọ́ta, èjì wà lókè. Márùndínlọ́gbọ̀n. Ohun tí Mọ́mì ń ṣe lọ́jà ló wà nínú ẹnu wa látọjọ́ yìí, mo wá ń kọ “borrow one” sórí bọ́ọ̀dù.

Ọmọ_Sábó | 9:34 alẹ́

Àǹtí, ó dùn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tèmi n'Íkòròdú ò lè kà dé ogún ní Yorùbá. “Tuẹńtì-sẹ́fìn” ni wọ́n mọ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n á tún di iṣẹ́ kejì fún wọn.

Tíṣà_Àgbádárìgì | 9:50 alẹ́

Tèmi náà ńkọ́, tí Yorùbá kì í ṣe èdè ilé wọn? Igi ìgbálẹ̀ Bàbá ni màá lò, kò ní èdè.

Bàbá_HM | ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:05 àárọ̀

Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì sọ, èdè tọ́mọ fi ń ronú lẹ máa lò. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn èèyàn ẹ̀ dán wò n'Ífẹ̀ láti ọdún 1970 nìyẹn. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ tó kù.

Ajàgbé | 7:48 àárọ̀

Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ ní ká fi èdè ìyá kọ́ wọn dé praimárì kẹfà. Lọ́dún 2025 wọ́n fagi lé e. Mo kàn ní kí n rán yín létí ni. Mo ṣì wà lórí ohun tí mo sọ: 40 pákó tí káfíńtà gé yẹn, ẹnìkan wà tó yẹ kó ra á.

TíṣàẸ̀pẹ́ | ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ajàgbé, mi ò bá yín jiyàn. Mo kọ iye tá a lò sílẹ̀, mo máa gbé e lọ sípàdé PTA.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àná kún un. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, òjò dé, òjò ọ̀sà, ẹ mọ bó ṣe ń rọ̀. Páànù wa ò ní àjà. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ti parí, torí ọmọ tó wà níwájú gan-an ò ní gbọ́ mi. Àná, mo kàn kọ ìbéèrè sórí bọ́ọ̀dù, mo gbé ọwọ́ sókè, pákó gòkè. Mo nù ún, mo kọ òmíràn. Ìbéèrè mọ́kànlá la ṣe, ẹnikẹ́ni ò la ẹnu. Nígbà tó kan 61 − 38, pákó mẹ́ta péré ló ṣì í, mo sì mọ àwọn tó ni wọ́n.

Ọmọ_Sábó | 10:44 àárọ̀

Èló ni káfíńtà yẹn gbà lọ́wọ́ yín?

TíṣàẸ̀pẹ́ | 10:46 àárọ̀

Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní ọmọ òun wà ní kíláàsì mi, kí n gbé e kúrò lẹ́yìn wá síwájú. Mo ti gbé e. Ó wà lára àwọn mẹ́ta yẹn.